Kí a tó tú kòkòrò ajẹ-irúgbìn sórí ewé Akíntọ́lá, ẹ fi ẹ̀bọ̀lọ̀ sínú ìdánwò rẹ̀

Sí Olóòtú,

Mo kí yín kú iṣẹ́ ìròyìn, mo sì kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ jọ ń ṣe wàhálà kí ìwé yìí lè máa dé ọwọ́ wa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Olùkọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Oko ẹ̀gẹ́ kékeré kan tí mo ní lójú ọ̀nà Ọdẹ̀dá ni mo ń tọ́jú báyìí. N kò kọ̀wé sí yín rí. Ohun tó mú mi gbé gègé ni lẹ́tà méjì tí ẹ tẹ̀ jáde lórí ọ̀rọ̀ ewé Akíntọ́lá. Ẹni tó kọ ti àkọ́kọ́ ní kí ìjọba ránṣẹ́ sí òkè òkun fún kòkòrò tí yóò máa jẹ irúgbìn ewé náà, kí wọ́n tú u sínú oko wa, kí á sì sinmi lọ́wọ́ ọkọ́ àti oògùn apakoríko. Ẹni tó fèsì sí i ní èèwọ̀ ni, pé kòkòrò tó bá jẹ koríko lónìí, ẹ̀wà wa ni yóò jẹ lọ́la. Mo ka méjèèjì lẹ́ẹ̀mejì. Àfi bí ẹni pé àwọn méjèèjì ń jiyàn lórí àlejò tí ẹnikẹ́ni kò tí ì bi léèrè ohun tí ó ń jẹ. Bíbi í léèrè gan-an ni iṣẹ́ tó wà ńlẹ̀. Ọ̀nà tí a bá gbà bi í, àti àwọn ewéko tí a bá kó síwájú rẹ̀ nígbà tí a ń bi í, ni yóò sọ bóyá a ó rí ìdáhùn tí a lè gbára lé.

Kò sí àgbẹ̀ kan ní àyíká Abẹ́òkúta tí yóò ní òun kò mọ ewé Akíntọ́lá. Ilẹ̀ olóoru ti Amẹ́ríkà ni ó ti wá. Àkọsílẹ̀ tí ó wọ́pọ̀ ni pé nǹkan bí ọdún 1937 ni ó wọ orílẹ̀-èdè yìí, nígbà tí ó fara pamọ́ sáàárín irúgbìn igi Gmelina tí wọ́n kó wá láti Sri Lanka, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ceylon nígbà náà. Ìgbà ìṣèlú Olóyè S. L. Akíntọ́lá ni àwọn baba wa sọ ọ́ lórúkọ tí a ń pè é yìí. N kò ní fi ìyẹn dá ìjà àtijọ́ sílẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí ẹ̀gẹ́ bá pẹ́ kí á tó ro ó, Akíntọ́lá ni yóò kọ́kọ́ gùn ún lórí. Nígbà ẹ̀rùn, igi rẹ̀ tó gbẹ a máa gbé iná láti oko ẹnì kan dé oko ẹlòmíràn. Òdòdó rẹ̀ sì ni tata tó ń jẹ ẹ̀gẹ́ wa máa ń rọ́ lọ bò nígbà ọyẹ́. Ẹni tó bá rìn lóko lóṣù Kejìlá yóò ti rí wọn níbẹ̀ bí èrò ọjà.

Síbẹ̀, ewé yìí ní oore tirẹ̀, mo sì fẹ́ kí ẹni tó kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ rántí rẹ̀. Ẹni tí àdá bá gé lóko, òun ni yóò já, tí yóò rún un, tí yóò fún omi rẹ̀ sójú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Ilẹ̀ tí Akíntọ́lá bá bò fún ọdún mẹ́ta, ẹ̀kan kì í rí ojú gbé ibẹ̀, ilẹ̀ náà a sì dúdú. Mo mọ àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n máa ń wo bí ó ti ga tó kí wọ́n tó yan ibi tí wọn yóò dá oko sí. Ohun tí àgbẹ̀ ń bá a jà sí ni pé kò mọ ìwọ̀n ara rẹ̀, irúgbìn ni ó sì fi ń ṣe bẹ́ẹ̀: irúgbìn wẹ́wẹ́ tó ní irun funfun lórí, tí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń gbé láti òkè dé odò. Nítorí èyí ni kòkòrò tó ń jẹ irúgbìn ṣe jẹ́ ohun tó yẹ kí á rò. Kì í pa igi, kì í ba ewé jẹ́. Ó kàn ń dín ọmọ tí igi náà ń bí kù ni.

Èrò yìí kì í sì í ṣe tuntun ní Nàìjíríà. Ní ìparí àwọn ọdún 1960, iléeṣẹ́ ìwádìí ọ̀pẹ ti orílẹ̀-èdè yìí, NIFOR, nítorí ohun tí Akíntọ́lá ń fojú oko ọ̀pẹ rí, fi owó sí ìwádìí ní Trinidad lórí àwọn kòkòrò tó ń jẹ ẹ́ nílé rẹ̀. Lára àwọn tí wọ́n rí níbẹ̀ ni kòkòrò kékeré kan tó ní ẹnu gígùn bí ọ̀pá, Apion brunneonigrum ni àwọn onímọ̀ ń pè é, tí ìdin rẹ̀ máa ń gbé inú òdòdó ewé náà tí yóò sì jẹ irúgbìn ibẹ̀. Wọ́n tú u sílẹ̀ níhìn-ín ní àwọn ọdún 1970, wọ́n sì tú u sílẹ̀ ní àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn pẹ̀lú. Kò fìdí múlẹ̀. Ó kú tán. Nítorí náà, ẹni tó ní kí wọ́n lọ mú kòkòrò wá, wọ́n ti mú un wá rí. Ẹni tó sì ní bí ó bá wá yóò jẹ wá run, èyí tó wá náà kò rí ara rẹ̀ gbé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fi ojú ara mi rí, nítorí ó ṣeé ṣe nínú ilé ẹnikẹ́ni. Kòkòrò inú ẹ̀wà tí gbogbo wa mọ̀, ẹbí kan náà ni òun àti ọ̀pọ̀ nínú àwọn kòkòrò ajẹ-irúgbìn tí wọ́n ti fi bá igbó jà káàkiri ayé. Lọ́dún tó kọjá mo ra ẹ̀wà olóyin ní ọjà Kútọ̀, mo sì bẹ màmá tó tà á fún mi pé kí ó fi díẹ̀ kún un nínú èyí tí kòkòrò ti wọ̀. Ó wò mí títí, ó ní, “Bàbá, ṣé kò sí o?” Mo ní kò sí. Mo ti ra ìlẹ̀kẹ̀ onígíláàsì dídán tí kò tóbi ju hóró ẹ̀wà lọ ní Ìtòkú. Mo wá ìgò mẹ́ta tí ẹnu wọn fẹ̀: mo da ẹ̀wà tó mọ́ nìkan sínú ọ̀kan, mo da ẹ̀wà àti ìlẹ̀kẹ̀ pọ̀ sínú èkejì, mo sì da ìlẹ̀kẹ̀ nìkan sínú ẹ̀kẹta. Mo kó kòkòrò mẹ́wàá mẹ́wàá sínú wọn, mo fi aṣọ àwọ̀n bo ẹnu wọn, mo sì fi okùn dè é.

Ní ọjọ́ kẹrin mo gbé awò amú-nǹkan-tóbi, mo sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ẹyin kòkòrò ẹ̀wà kì í fara sin ẹni tó bá mọ̀ ọ́n: àmì funfun róbótó tó lẹ̀ pinpin mọ́ ara hóró, bí ẹni pé ẹnì kan fi ṣóńṣó abẹ́rẹ́ kan ọ̀dà funfun sí i. Nínú ìgò àkọ́kọ́, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí hóró ẹ̀wà tí kò ní ẹyin lára. Nínú ìgò kejì, orí ẹ̀wà ni ẹyin wà. Mo tú gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, n kò rí ju méjì lọ. Ṣùgbọ́n nínú ìgò kẹta, níbi tí kò ti sí ẹ̀wà kankan, wọ́n ti yé ẹyin sórí ìlẹ̀kẹ̀! Kò pọ̀ tó ti orí ẹ̀wà, àmọ́ ẹyin ni, ó sì lẹ̀ dáadáa. Bí a kò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ: abo kòkòrò tí ẹyin ti kún inú rẹ̀, tí ọjọ́ ikú rẹ̀ sì ń sún mọ́lé, kò ní òun kò yé e nítorí pé gíláàsì ni ohun tó wà níwájú rẹ̀. Mo gbé àwọn ìgò náà sórí pẹpẹ. Nígbà tí ó di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ihò róbótó ti wà lára ẹ̀wà, àwọn kòkòrò tuntun sì ti ń rìn kiri. Lára ìlẹ̀kẹ̀, kò sí nǹkan kan. Ìdin tó bá pa níbẹ̀ kò rí ohun tí yóò gbẹ́ wọ̀.

Ìgò mẹ́ta kì í ṣe ìwádìí, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Onímọ̀ tòótọ́ yóò ṣe é lọ́pọ̀ ìgbà, yóò ka ẹyin, yóò sì mọ ọjọ́ orí abo kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, kòkòrò kan náà, ìbéèrè tó jọ ara wọn, ìdáhùn mẹ́ta tó yàtọ̀. Ẹni tó bá wo ìgò kejì nìkan yóò kọ ọ́ sínú ìwé pé kòkòrò yìí kì í fẹnu kan ìlẹ̀kẹ̀. Ẹni tó bá wo ìgò kẹta lọ́jọ́ kẹrin yóò pariwo pé ìlẹ̀kẹ̀ ìdí àwọn obìnrin ti wọ gàù. Ẹni tó bá ní sùúrù di ọ̀sẹ̀ kẹrin nìkan ni yóò mọ̀ pé kòkòrò náà lè yé ẹyin sórí ìlẹ̀kẹ̀ bí ó bá há, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ kò lè yè níbẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ ìdánwò kòkòrò ajẹ-irúgbìn, inú ìgò mẹ́ta wọ̀nyí ló wà. Ìgò kejì ni ìdánwò “mú èyí tó wù ọ́”, níbi tí a ti kó koríko tí a fẹ́ bá jà àti ewéko mìíràn sílẹ̀ pọ̀. Ìgò kẹta ni ìdánwò “èyí nìkan ló wà”. Lẹ́yìn náà ni a ó wá dúró wo bóyá ọmọ tí a bí síbẹ̀ dàgbà, tí òun náà sì bímọ.

(Ológbò ilé wa ti ìgò àkọ́kọ́ ṣubú ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Okùn tí mo dè kò le tó, kòkòrò inú rẹ̀ sì gba inú apẹ̀rẹ̀ ẹ̀wà tí ìyá àwọn ọmọ mi gbé sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ lọ. Mo san gbèsè ẹ̀wà náà. Nígbà tí mo bá gbọ́ tí àwọn onímọ̀ ń sọ̀rọ̀ ilé àhámọ́ onílẹ̀kùn méjì, níbi tí kòkòrò àjèjì gbọ́dọ̀ gbé títí ìdánwò rẹ̀ yóò fi parí, n kì í rò pé wọ́n ń ṣe àṣejù.)

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní New Zealand ni mo fẹ́ kí ẹni tó kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ rò dáadáa. Igbó kan tí ń jẹ́ broom, tó ń tan òdòdó yẹ́lò, tó sì ń so pódi bíi ti ẹ̀wà, gba ilẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́ níbẹ̀. Láti Yúróòpù ni wọ́n ti gbé e wá. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, wọ́n tú kòkòrò kan sílẹ̀ fún irúgbìn rẹ̀, Bruchidius villosus ni orúkọ rẹ̀, ẹbí kòkòrò ẹ̀wà. Wọ́n ti dán an wò kí wọ́n tó tú u sílẹ̀; ìdánwò “mú èyí tó wù ọ́” ni wọ́n ṣe, kòkòrò náà sì yan broom láàyò, kò yí ojú sí ohun mìíràn. Ní ọdún 1999 ni wọ́n wá bá a nínú irúgbìn tagasaste, igi kan tí àwọn ará ibẹ̀ ń gbìn fún ẹran jẹ, tí àwọn oyin sì fẹ́ràn. Àwọn onímọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá kòkòrò náà ti yí ìwà padà ni. Kò yí ìwà kankan padà. Tagasaste máa ń yọ pódi ṣáájú broom. Nígbà tí kòkòrò bá jí lẹ́yìn òtútù tí ẹyin sì ti kún inú rẹ̀, tagasaste nìkan ló wà ńlẹ̀. Àwọn tó dán an wò fún un ní ìgò kejì, oko sì gbé ìgò kẹta kalẹ̀ fún un. Ibi tí tiwọn ti wá burú ju ti ìlẹ̀kẹ̀ mi lọ ni pé ọmọ rẹ̀ yè nínú tagasaste.

Ti Amẹ́ríkà gba ọ̀nà mìíràn. Ní 1968 ní Kánádà, àti ní 1969 ní Amẹ́ríkà, wọ́n tú Rhinocyllus conicus sílẹ̀ fún ẹ̀gún kan tó wá láti Yúróòpù tó ń gba pápá ẹran. Ìdin rẹ̀ a máa jẹ irúgbìn nínú orí òdòdó. Wọ́n mọ̀ ṣáájú pé ó lè gbé inú àwọn ẹ̀gún mìíràn tó bá a tan, wọ́n kàn rò pé kò ní fẹ́ràn wọn tó ti àkọ́kọ́. Ní 1997, ìwádìí tí Svata Louda àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde fi hàn pé ó ti ń jẹ irúgbìn àwọn ẹ̀gún ìbílẹ̀ tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, tí irúgbìn tí wọ́n ń so sì ń dín kù. Àwọn tó dán an wò kò ṣe àṣìṣe nínú ìdánwò. Ohun tí wọ́n rí, wọ́n rí i. Wọn kò kà á sí ni, nítorí pé àwọn ẹ̀gún yẹn kì í ṣe oúnjẹ, wọn kì í sì í ṣe ohun títà.

Ibi yìí ni mo ti wá sí ọ̀dọ̀ wa. Àwọn onímọ̀ ní ìlànà kan tí Wapshere kọ sílẹ̀ ní 1974, pé láti ọ̀dọ̀ ẹbí tó sún mọ́ koríko náà jù lọ ni kí á ti bẹ̀rẹ̀ ìdánwò, kí á sì máa bọ́ sí ọ̀dọ̀ ìbátan tó jìnnà díẹ̀díẹ̀, títí a ó fi dé ibi tí kòkòrò náà kò ti ní nǹkan ṣe mọ́. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ta ni ẹbí Akíntọ́lá nínú ilẹ̀ wa? Ẹni tó sún mọ́ ọn jù nínú àwọn tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni ìmí-eṣú, tí àwọn ìyá wa ń lò fún oògùn. Ewúro wà nínú ẹbí náà. Ẹ̀bọ̀lọ̀ wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni yánrin àti worówó. Ẹ̀wà tí ẹni tó kọ lẹ́tà kejì ń bẹ̀rù fún kò bá Akíntọ́lá tan rárá. Ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ ni ó yẹ kí ó wò. Bí ìwé orúkọ àwọn ewéko tí a ó fi ṣe ìdánwò bá wá láti òkè òkun, yóò ní òdòdó súnfílawà, yóò ní létúùsì, nítorí pé ìwọ̀nyẹn ni wọ́n ń gbìn lọ́hùn-ún. Kò sí ẹni tí yóò rántí worówó.

Láàárín àwọn wọ̀nyí, ẹ̀rù kò bà mí bákan náà lórí gbogbo wọn. Ewúro, igi rẹ̀ ni a ń gé gbìn. Kòkòrò tó bá jẹ irúgbìn rẹ̀ kò mú ewé kankan kúrò nínú abọ́ wa. Worówó náà, ọ̀pá rẹ̀ ni a ń rì mọ́lẹ̀. Ẹ̀bọ̀lọ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń ká mi lára, nítorí pé kò sẹ́ni tó ń gbìn ín. Irúgbìn rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbìn, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń gbin Akíntọ́lá, irun funfun kan náà ló wà lórí méjèèjì, àwọn obìnrin tó sì ń já a lóko kà á sí ẹ̀bùn Ọlọ́run tí kò lè tán. Bí irúgbìn rẹ̀ bá dín kù ní ìdajì, ta ni yóò tètè mọ̀? Kò ní àgbẹ̀ tí yóò ké gbàjarè.

Ọ̀rọ̀ àkókò wá ni ó ṣe pàtàkì jù sí mi. Láti ẹ̀rùn méjì sẹ́yìn ni mo ti ń kọ ọ́ sínú ìwé, ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí mo bá dé oko, ewéko tó tanná àti èyí tó ti gbó. Akíntọ́lá a máa tanná bí ọyẹ́ bá ti ń bọ̀, ní nǹkan bí oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kìíní. Nígbà tí ó bá fi di oṣù Kẹta, irúgbìn rẹ̀ ti fò tán. Ẹ̀bọ̀lọ̀ tó wà létí odò ìsàlẹ̀ oko mi kò ní àkókò kan. Kò sí oṣù tí mo débẹ̀ tí n kò bá èyí tó tanná. Ìmí-eṣú gba gbogbo ìgbà òjò. Bí wọ́n bá wá ṣe ìdánwò “mú èyí tó wù ọ́” lóṣù Kìíní, tí òdòdó Akíntọ́lá tútù wà níbẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu, kò yà mí lẹ́nu bí kòkòrò náà kò bá yí ojú sí ẹ̀bọ̀lọ̀. Ìbéèrè oṣù Kẹrin ni èmi fẹ́ kí wọ́n bi í: òjò ti bẹ̀rẹ̀, Akíntọ́lá kò ní nǹkan kan lórí ju ewé lọ, abo kòkòrò kan sì ṣẹ́ kù tí ẹyin wà nínú rẹ̀. Ṣé yóò sùn títí di ọyẹ́ tó ń bọ̀ ni, tàbí yóò wá ilé ìmí-eṣú lọ? Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, ti ẹyin nínú abo kòkòrò sì le ju ti ebi lọ.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òdìkejì rẹ̀ pẹ̀lú, kí ẹni tó kọ lẹ́tà kejì má baà rò pé ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà. Bí a bá fi ìgò kẹta nìkan dájọ́, kò sí kòkòrò kan láyé tí a ó gbà wọlé. Kòkòrò tí a há mọ́ inú àgò kékeré lè yé ẹyin sórí ògiri àgò náà. Ẹni tó bá rí ẹyin tó sì kọ̀wé pé “ó kùnà”, ó lè fi bẹ́ẹ̀ lé kòkòrò rere dànù, àwa yóò sì máa bá oògùn apakoríko lọ, èyí tí kò bi ẹ̀bọ̀lọ̀ tàbí ìmí-eṣú léèrè kankan kí ó tó pa wọ́n. Ẹ jẹ́ kí á rántí pẹ̀lú pé a ti jẹ oore irú iṣẹ́ yìí rí. Àwọn tó dàgbà tó mi kò tí ì gbàgbé kòkòrò funfun bí ìyẹ̀fun tó fẹ́ pa ẹ̀gẹ́ run ní ilẹ̀ Áfíríkà ní àwọn ọdún 1970 àti lẹ́yìn rẹ̀. Agbọ́n kékeré kan tí wọ́n rí ní Paraguay, tí IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ti àgbáyé tó wà ní Ìbàdàn, tú sílẹ̀ láti 1981, ni ó kápá rẹ̀. Hans Herren tó ṣáájú iṣẹ́ náà gba ẹ̀bùn oúnjẹ àgbáyé ní 1995. A ń jẹ láfún lónìí, kò sí agbọ́n kankan tó ta ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sì tan ara rẹ̀ pé bí kòkòrò ajẹ-irúgbìn bá ti yege ìdánwò, igbó ti tán. Ní Gúúsù Áfíríkà, wọ́n yan irú kòkòrò yìí fún igi Prosopis nítorí pé pódi rẹ̀ jẹ́ oúnjẹ ẹran, wọn kò sì fẹ́ pa igi náà. Ìdí kan náà ni wọ́n fi yàn án fún igi kan láti Ọsirélíà tí wọ́n ń bó èèpo rẹ̀ fún iṣẹ́ awọ. Ní 1987 ni Algarobius prosopis dé orí Prosopis. Ó ń jẹ irúgbìn náà lóòótọ́, àmọ́ àwọn ẹran a máa kó pódi jẹ kí kòkòrò tó dé ìdí rẹ̀, wọn a sì yàgbẹ́ irúgbìn tó yè síbi gbogbo. Ẹni tó bá mọ ewúrẹ́ Abẹ́òkúta kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Igi tó bá ń so irúgbìn ẹgbẹẹgbẹ̀rún, bí kòkòrò bá jẹ ìdajì rẹ̀, èyí tó kù ṣì pọ̀ ju ilẹ̀ tó wà lọ.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ tún gbé iṣẹ́ yìí dìde, yálà ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Àláàbàtà níhìn-ín ni o, tàbí ní ibòmíràn, ni pé kí wọ́n tẹ orúkọ àwọn ewéko tí wọ́n fẹ́ fi dán kòkòrò náà wò jáde ní èdè Yorùbá kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, nínú ìwé ìròyìn bíi tiyín yìí, kí àwọn ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ ní Kútọ̀ àti Làfẹ́nwá àti àwọn tó ń ta ewé àti egbò lè sọ èyí tí wọ́n gbàgbé. Wọn yóò rí orúkọ gbà tí kò sí nínú ìwé kankan. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n ṣe ìgò kejì, kí wọ́n ṣe ìgò kẹta, kí wọ́n sì dúró de ọ̀sẹ̀ kẹrin, àti ní oṣù Kìíní àti ní oṣù Kẹrin.

Ìwé tí mo ń kọ ìgbà òdòdó sí wà nílé, ó mọ́ díẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá nílò rẹ̀ lè wá da á kọ. Mo ti gba irúgbìn ẹ̀bọ̀lọ̀ àti ti yánrin láti etí odò oko mi, mo dì wọ́n sínú àpòòwé, mo sì kọ oṣù tí mo gbà wọ́n sára ìkọ̀ọ̀kan. Ti worówó ni n kò tí ì rí tó. Bí ọ̀kan nínú àwọn òǹkàwé yín bá ní èyí tó jẹ́ kí ó gbó sórí ọgbà, kí ó bá mi ránṣẹ́ sí ọ̀dọ̀ yín.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì,
Abẹ́òkúta.